Okùn àti Igi Agbébúùmù: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe É Sára Ọkọ̀ Onígbòkun Kékeré

Nígbà tí ọkọ̀ onígbòkun bá wà lórí ìrìn, ìgbòkun ńlá fúnra rẹ̀ ló ń gbé búùmù (ọ̀pá gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ ìgbòkun) dúró. Ẹ tú okùn ìfàsókè kí ìgbòkun wálẹ̀, kò sí ohun tó di ìdí búùmù mú mọ́. Orí rẹ̀ ṣì wà lára òpó ọkọ̀ níbi oríkèé, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ á já wálẹ̀. Ó lè bà lé ìjókòó, ó lè bà lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀ kó sì dá a, ó sì lè bà lé orí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Búùmù alumíníọ̀mù tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, tí ìgbòkun tó ti gba omi tún wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń fi orí gbà.

Nítorí náà, búùmù nílò ohun tó máa gbé e. Ṣùgbọ́n ohun náà kò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́ láti yí sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ìgbòkun bá wà lókè. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò, òun gan-an ló sì ń da ọkọ̀ dé.

Ọkọ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Catalina 22 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Frank Butler ló ya àwòrán rẹ̀, ó jáde ní 1969, wọ́n sì ti kan èyí tó lé ní 15,000. Ó ṣòro kí ẹ dé èbúté ọkọ̀ kékeré ní Amẹ́ríkà kí ẹ má bá ọ̀kan níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ní Kemah àti Clear Lake lẹ́bàá Galveston Bay ní Texas, òun ni ọkọ̀ tí ẹni tó fẹ́ ra àlòkù ń kọ́kọ́ bá pàdé. Gígùn rẹ̀ fi díẹ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà 22. Ìgbòkun ńlá rẹ̀ ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 21, ìsàlẹ̀ ìgbòkun tó wà lórí búùmù sì fi díẹ̀ dín ní 10. Ìwọ̀n méjèèjì yìí la máa fi ṣe ìṣirò. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú mìíràn, ẹ fi ìwọ̀n tiyín rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ tí kò ní ilé nínú, irú Laser, tàbí Lightning tí wọ́n fi ń díje ní Lagos Yacht Club, kò nílò gbogbo èyí. Bí eré bá ti parí, wọ́n á tú búùmù kúrò tàbí kí wọ́n tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀, ó tán.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà

Lára ọ̀pọ̀ Catalina 22 àlòkù, ẹ máa bá wáyà kúkúrú kan tí wọ́n so mọ́ wáyà ẹ̀yìn, ìyẹn wáyà tó ti orí òpó wá sí ìdí ọkọ̀. Ìkọ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ìdí búùmù. Ó yá lò, kò sì náni lówó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó so búùmù mọ́ àárín gbùngbùn ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá gbàgbé tó ta ìgbòkun nígbà tí ìkọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, tí ẹ̀fúùfù wá já lù ú láti ẹ̀gbẹ́, kò sí bí ẹ ṣe máa tú okùn ìdarí (okùn tí à ń fi darí búùmù) tó tí ìgbòkun á fi jọ̀wọ́ atẹ́gùn. Ọkọ̀ á kàn máa dẹ̀gbẹ́ lọ ni, títí omi á fi wọ ibi ìjókòó. Lọ́sàn-án ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọ Galveston Bay, kì í pẹ́ tí irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Mi ò ní kí ẹ gé wáyà náà dànù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí ọkọ̀ bá so mọ́ èbúté, kí ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn kí ojú lè máa rí i.

Ọ̀nà kejì ni igi agbébúùmù, igi méjì tó gba ara wọn kọjá tí a dúró sínú ọkọ̀ kí búùmù lè sinmi lé e. Ẹ̀kẹta ni okùn agbébúùmù, tó ti orí òpó sọ̀ wá sí ìdí búùmù. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀pá tó ń ti búùmù sókè láti ìsàlẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Boomkicker fi ọ̀pá fáíbà méjì tó ń tẹ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó dára, kì í dí ìgbòkun lọ́wọ́ rárá, ẹ ò sì ní máa rántí pé kí ẹ fà á tàbí kí ẹ tú u. Owó rẹ̀ ló ga ju ti okùn lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ ṣe okùn fún orí omi, kí ẹ ṣe igi fún èbúté. Okùn nìkan ò tó, torí òkè nìkan ló ti di búùmù mú. Ìgbì kékeré tí ọkọ̀ mìíràn bá dá sílẹ̀ á máa fi búùmù ṣe jangilófà ní gbogbo òru. Igi nìkan náà ò tó, torí ẹ ò lè máa wá igi kiri nígbà tí ìjì ń bọ̀ tí ẹ fẹ́ yára sọ ìgbòkun kalẹ̀.

Ohun tí ẹ máa rà

Fún okùn apá òkè, ẹ ra Dyneema oníhò nínú, 1/8 íǹṣì, ẹsẹ̀ bàtà 25. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í nà, agbára rẹ̀ sì ju 2,000 pọ́n-ùn lọ, èyí tó ju ohun tí búùmù máa béèrè lọ fíìfíì. Fún apá ìsàlẹ̀ tí ọwọ́ máa ń fà, ẹ ra okùn polyester 1/4 íǹṣì, ẹsẹ̀ bàtà 16, torí Dyneema tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gé ọwọ́, kì í sì í há dáadáa nínú kílíìtì. Ẹ ra púlì kékeré kan tó máa rọ̀, àti púlì kan tó ṣeé kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ búùmù. Ẹ fi ojú irin kan kún un (irin olójú tí à ń kàn mọ́ nǹkan kí okùn lè so mọ́ ọn; ẹ ra méjì bí orí òpó yín kò bá ní ihò), kílíìtì kan tó ń há okùn, shackle kékeré méjì (irin onípíìnì tí à ń fi so nǹkan méjì pọ̀), thimble kan (irin tí à ń fi sínú ojú okùn kí ó má bàa jẹ), àti okùn rọ́bà 3/16 íǹṣì, ẹsẹ̀ bàtà 3. Gbogbo irin rẹ̀, kó jẹ́ sítéńlẹ́ẹ̀sì. Ẹ tún máa nílò ríbẹ́ẹ̀tì sítéńlẹ́ẹ̀sì tàbí ti monel (irin mìíràn tí iyọ̀ kì í tètè jẹ), 3/16 íǹṣì, pẹ̀lú ìbọn ríbẹ́ẹ̀tì onígápá gígùn, torí ríbẹ́ẹ̀tì sítéńlẹ́ẹ̀sì le kọjá ohun tí ìbọn kékeré ilé lè fà.

Ohun kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ fò: Tef-Gel tàbí Duralac, ìyẹn ohun ìpara tí à ń fi sáàárín irin méjì. Bí sítéńlẹ́ẹ̀sì bá fara kan alumíníọ̀mù tí omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn, iná mànàmáná tín-ín-rín á máa rìn láti ọ̀kan sí èkejì, alumíníọ̀mù ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ máa rí ìyẹ̀fun funfun yí orí ríbẹ́ẹ̀tì ká, àwọ̀ á máa wú, ihò á sì máa fẹ̀ sí i. Tef-Gel ń dènà ìyẹn ni. Díẹ̀ báyìí lórí ríbẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan àti lábẹ́ irin tí ẹ fẹ́ kàn ti tó.

Ẹ sọ òpó kalẹ̀

Orí òpó niṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀, òpó Catalina 22 sì ṣeé sọ kalẹ̀ láìlo kíréènì. Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan, ẹ wo òkè yí ká. Òpó alumíníọ̀mù tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 25, tó tún wà lórí ọkọ̀ tó wà lórí tírélà, lè kan wáyà iná ojú pópó, ó sì ti pa èèyàn. Bí wáyà iná bá wà níbikíbi tí òpó lè ṣubú sí, ẹ wa tírélà kúrò níbẹ̀, kódà kó jẹ́ àgbàlá ilé yín.

Ẹni méjì ló yẹ kó ṣe é: ọ̀kan dúró nínú ọkọ̀ kó fi èjìká gba òpó, èkejì di okùn iwájú mú kó máa jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti sùn sílẹ̀, ẹ fi àpótí tàbí àga gbé orí rẹ̀ sókè dé ìbàdí yín kí ẹ̀yìn má bàa dùn yín.

Orí òpó

Ẹ wo irin tó wà lórí òpó níbi tí wáyà ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ihò kan bá ṣófo lẹ́yìn níbẹ̀, iṣẹ́ ti dín kù: ẹ fi shackle sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi wáyà tín-ín-rín di píìnì rẹ̀ kó má bàa tú fúnra rẹ̀. Gbogbo shackle tó bá wà níbi tí ọwọ́ ò lè tó gbọdọ̀ ní wáyà yẹn. Bí kò bá sí ihò, ẹ máa ní láti kan ojú irin mọ́ ẹ̀yìn òpó, ní ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà tí ìgbòkun ń gbà gòkè, kó sì wà lókè ibi tí orí ìgbòkun máa ń dé. Bí ẹ bá kàn án sísàlẹ̀ jù, okùn á máa fi ara ha orí ìgbòkun, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ẹ ó máa wá ẹni tó máa rán ìgbòkun.

Dídá ihò sára òpó kò le, sùúrù ló gbà. Ẹ gbé ojú irin síbẹ̀, ẹ fi ìṣó tàbí pọ́ǹṣì sàmì sáàárín ihò rẹ̀ kí bíìtì má bàa yọ̀. Ẹ fi bíìtì 1/8 dá ihò àkọ́kọ́, kí dírílì máa yí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú epo díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi bíìtì nọ́ńbà 11 sọ ihò náà di ńlá, òun ló bá ríbẹ́ẹ̀tì 3/16 mu. Ẹ ṣe ihò kan, ẹ kan ríbẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ tó dá ihò kejì. Bí ẹ bá dá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ni. Ẹ gbá gbogbo èérún irin jáde kúrò nínú òpó. Èyí tó bá kù á máa ha okùn tàbí wáyà iná tó bá gba inú òpó kọjá.

Bí ibi tí ẹ so okùn mọ́ bá ṣe jìnnà sí ẹ̀yìn òpó tó, bẹ́ẹ̀ náà ni okùn ṣe máa yàgò fún etí ìgbòkun. Èyí dára. Àmọ́ ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín. Búùmù ń yí lórí oríkèé tó wà lára òpó, ṣùgbọ́n okùn kò sọ̀ láti orí oríkèé gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń bọ̀. Bí búùmù bá wà láàárín, okùn sún mọ́ ọn. Bó bá ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀nà á gùn sí i, okùn á sì le. Lórí ọkọ̀ wa yìí, bí okùn bá jìnnà sẹ́yìn òpó ní íǹṣì 4, á fi bí íǹṣì kan ààbọ̀ le sí i tí búùmù bá ṣí pátápátá. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá dé ibi ìdánwò.

Ìwọ̀n okùn

Láti orí òpó dé ìdí búùmù ni ẹ fẹ́ mọ̀. Ẹ sọ gíga di 21, ẹ sọ búùmù di 10, ẹ fi 21 lọ́nà 21 kún 10 lọ́nà 10, kí ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀ (square root): ó lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 23. Nínú 23 yìí, ẹ fẹ́ kí púlì tó ń rọ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 4 lókè búùmù, nítorí náà Dyneema gbọdọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 19 lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ojú sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ra 25 nìyẹn. Ojú ṣíṣe ń jẹ okùn, ó sì sàn kó ṣẹ́ kù ju kó má tó lọ.

Ẹ má ta kókó sí Dyneema. Ó ń yọ̀. Kókó tí okùn mìíràn máa ń di mú, inú Dyneema ló ti máa ń tú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Ṣe ni ẹ máa ti ẹnu okùn padà sínú ara rẹ̀. Ẹ fi thimble sáàárín ojú, ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá tàbí wáyà tí ẹ ká ṣí àárín okùn, kí ẹ fa ẹnu rẹ̀ gba inú ihò náà wọlé. Ohun tí ẹ máa tì wọlé gbọdọ̀ tó ìlọ́po 72 ìbú okùn. Fún 1/8, íǹṣì 9 nìyẹn. Kí ẹ tó tì í, ẹ gé fọ́nrán díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú íǹṣì mẹ́ta tó gbẹ̀yìn kí ó lè tín-ín lọ sópin, torí ibi tí okùn bá ti dédé tín-ín lẹ́ẹ̀kan náà ni ó ti ń ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú tí wọ́n fi ìda pa rán an kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kí ó má bàa yọ nígbà tí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yín rọ́ ọ láti ojú lọ sísàlẹ̀: bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹ máa rí i pé bí ẹ bá ṣe ń fà á tó ló ń há mọ́ra tó.

Bí ẹ ò bá fẹ́ ṣe gbogbo èyí, ẹ lo polyester 3/16 kí ẹ sì ta bowline (kókó olójú tí kì í yọ̀) sí i, kí ìrù kókó náà gùn dáadáa kí ẹ sì fi òwú dì í. Ó wúwo díẹ̀ ju Dyneema lọ, ó ń nà díẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ẹnu òkè lọ sórí shackle orí òpó. Ẹnu ìsàlẹ̀ lọ sára púlì tó ń rọ̀.

Ìdí búùmù

Ẹ kan ojú irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì ìdí búùmù, ẹ kan púlì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí méjèèjì dojú kọ ara wọn. Ẹ gbé wọn sẹ́yìn tó bí àyè bá ṣe gbà, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ yọ ìdérí ìdí búùmù wò: bí okùn tàbí púlì bá wà nínú ibẹ̀, ẹ má fi ríbẹ́ẹ̀tì gún un. Kílíìtì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kan náà, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 síwájú, níbi tí ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú lè na ọwọ́ dé láìdìde.

Okùn 1/4 yẹn bẹ̀rẹ̀ lójú irin òsì, ó gòkè lọ sínú púlì tó ń rọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sínú púlì ọ̀tún, ó wá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ búùmù síwájú lọ sínú kílíìtì. Púlì òkè yẹn sọ ẹrù di ìdajì, ọwọ́ kan tó láti gbé búùmù àti ìgbòkun orí rẹ̀. Ẹ ta kókó sí ẹnu okùn lẹ́yìn kílíìtì kí ó má bàa sá jáde lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá yọ̀.

Okùn rọ́bà

Nígbà tí ìgbòkun bá wà lókè, okùn agbébúùmù gbọdọ̀ dẹ̀. Okùn tó bá dẹ̀ sì máa ń fì, á lọ kọ́ ẹnu ọ̀pá pẹlẹbẹ inú ìgbòkun, pàápàá nígbà tí búùmù bá ń kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Rọ́bà ló ń gbà wá níbẹ̀. Ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1 lókè púlì tó ń rọ̀, ẹ ṣí fọ́nrán Dyneema, ẹ ki ẹnu rọ́bà gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ta kókó sí i. Ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sókè láti ibẹ̀, ẹ ṣe bákan náà fún ẹnu kejì, ṣùgbọ́n kí rọ́bà tó wà láàárín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 péré. Bí okùn bá gba ẹrù, rọ́bà á nà, okùn á tọ́. Bí ẹrù bá kúrò, rọ́bà á súnkì, á sì ká ẹsẹ̀ bàtà kan okùn tó dẹ̀ kúrò lọ́nà.

Kókó rọ́bà níta kò tó. Dyneema ń yọ̀, kókó tí ẹ bá so yí i ká á máa rìn sísàlẹ̀. Inú fọ́nrán gan-an ló yẹ kó gbà.

Ìdánwò

Ẹ gbé òpó sókè, ẹ so gbogbo wáyà rẹ̀, ẹ wo òkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ so búùmù mọ́ oríkèé láìta ìgbòkun, ẹ fa okùn títí ìdí búùmù fi ga ju ibi tó máa ń wà lórí ìrìn lọ ní nǹkan bí ìka ọwọ́ ná. Ẹ so kẹ́ẹ̀gì omi lítà 10 mọ́ ìdí búùmù, ìyẹn kílò 10. Kí ẹnikẹ́ni má dúró lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wo orí ríbẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan àti inú kílíìtì. Bí okùn bá ń yọ̀ nínú kílíìtì, okùn náà ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún un.

Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá rọ̀, ẹ ta ìgbòkun lẹ́bàá èbúté pẹ̀lú iwájú ọkọ̀ sí atẹ́gùn. Ẹ tú okùn agbébúùmù títí ó fi dẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ ti búùmù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí dé ibi tí wáyà ẹ̀gbẹ́ ti dá a dúró. Ibẹ̀ ni íǹṣì kan ààbọ̀ tí mo sọ yẹn ti máa fara hàn. Bí okùn bá le níbẹ̀, ẹ tú u díẹ̀ sí i, kí ẹ fi máákà dúdú sàmì sára rẹ̀ lẹ́nu kílíìtì. Àmì yẹn ni ẹ ó máa tú u dé ní gbogbo ìgbà.

Bí ẹ bá fi okùn náà sílẹ̀ ní líle lórí ìrìn, òun ló ń gbé búùmù, kì í ṣe ìgbòkun. Etí ẹ̀yìn ìgbòkun á rọ, á máa gbọ̀n, ọkọ̀ ò sì ní lè súnmọ́ ojú atẹ́gùn mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ráhùn pé ìgbòkun òun ti gbó, okùn yìí ni kò tú.

Lórí omi

Ẹ kọ iwájú ọkọ̀ sí atẹ́gùn. Ẹ fa okùn agbébúùmù títí ẹ máa fi rí i pé etí ìgbòkun rọ̀. Ìgbà yẹn lẹ mọ̀ pé okùn ti gba ẹrù. Ẹ tú okùn tó ń fa búùmù sísàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ òpó, torí bí ẹ ò bá tú u, òun àti okùn agbébúùmù á máa jà ni. Ẹ wá sọ ìgbòkun kalẹ̀. Tó bá ti wálẹ̀ tán, ẹ fa okùn ìdarí kó le díẹ̀: èyí tó ti òkè fà á, èyí tó ti ìsàlẹ̀ fà á, búùmù á dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dín ìgbòkun kù nítorí atẹ́gùn, bákan náà ni: ẹ gbé búùmù kọ́kọ́, ẹ ṣiṣẹ́ yín, kí ẹ sì tú u padà dé àmì.

Igi agbébúùmù

Iṣẹ́ káfíńtà kékeré ni, ọ̀sán ọjọ́ kan tó. Ẹ ra pákó 1×4 méjì tó tọ́ gbọnrangandan, ẹsẹ̀ bàtà 6 kọ̀ọ̀kan. Oak ló dáa jù. Fir náà ń ṣe é. Ẹ kó wọn lé ara wọn, ẹ dá ihò 3/8 íǹṣì kan gba àárín ìbú méjèèjì, ní íǹṣì 12 sí òkè, kí ẹ ki bóòtì sítéńlẹ́ẹ̀sì sí i pẹ̀lú wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì onínáílọ́ọ̀nù tí kì í tú. Ẹ má fún un pa. Ó gbọdọ̀ lè ṣí kó sì pa dé bí àlùmọ́gàjí.

Ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń fi ìṣirò wá kiri, ṣùgbọ́n ọkọ̀ gan-an ló yẹ kó sọ ọ́. Ẹ fi okùn agbébúùmù tí ẹ ti ṣe gbé búùmù sí gíga tí ẹ fẹ́, èyí tó máa jẹ́ kí ẹni tó jókòó lè gbé orí. Ẹ dúró igi náà sórí ìjókòó ọ̀tún àti òsì, sẹ́yìn níbi tí kò ti ní dí ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́, ẹ máa ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi dúró gbọin. Ẹ máa rí i pé igi ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wọn ohun tó fi ga jù, ẹ fi ayùn gé e kúrò nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa gbé e wò. Ẹ gé ẹsẹ̀ náà ní dàgẹ̀rẹ̀ kí ó lè tẹ́ sórí ìjókòó, ẹ sì fi rọ́bà bò ó.

Bí gíga láti ìjókòó dé abẹ́ búùmù bá jẹ́ íǹṣì 48, tí ẹsẹ̀ igi sì fẹ̀ ní íǹṣì 36, igi kọ̀ọ̀kan á ṣẹ́ kù sí nǹkan bí íǹṣì 57 lẹ́yìn gígé. Ẹ fi èyí mọ̀ bóyá pákó yín tó, ẹ má fi gé igi.

Ní agbedeméjì ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ dá ihò kí ẹ fi okùn so wọ́n pọ̀, kí ẹsẹ̀ má bàa máa yà sí i bí ẹrù bá bọ́ sórí rẹ̀. Láìsí okùn yẹn, igi á tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fara ti búùmù. Ẹ fi sáńpépà dán ẹnu pákó, ẹ fi epoxy kun inú gbogbo ihò torí ibẹ̀ ni omi ti ń wọ igi, kí ẹ tó fi fáníìṣì tí oòrùn kì í tètè jẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin ó kéré tán.

Fún ibi tí búùmù máa sinmi lé, awọ ló dáa jù, ẹ rán an tàbí kí ẹ fi ìṣó bàbà kàn án. Kápẹ́ẹ̀tì máa ń gba omi dúró, rọ́bà táyà sì máa ń fi dúdú sára alumíníọ̀mù. Ẹ so okùn kúkúrú kan mọ́ orí igi tí ẹ máa fi di búùmù mọ́ ọn, torí bí ọkọ̀ onínjìnnì bá sáré kọjá, ìgbì rẹ̀ lè gbé búùmù jáde kúrò nínú igi.

Igi yìí kì í ṣe èyí tí ẹ máa fi gbé òpó tí ẹ bá ń fi tírélà gbé ọkọ̀ lọ. Òpó wúwo ju búùmù lọ, gbágungbàgun ojú ọ̀nà sì ń mi gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn ní igi tirẹ̀ tí wọ́n kàn mọ́ ìdí ọkọ̀.

Àyẹ̀wò

Rọ́bà ló máa kọ́kọ́ gbó nínú gbogbo ohun tí ẹ ṣe yìí. Oòrùn Texas kì í ṣeré: bí aṣọ ara rẹ̀ bá ti ń ṣí tí fọ́nrán funfun sì ń yọ, tàbí tí ẹ fà á tí kò padà sí bó ṣe wà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Okùn 1/4 ìsàlẹ̀ náà máa ń jẹ níbi kan náà tó máa ń wà nínú kílíìtì. Ẹ gé ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò lẹ́nu òsì kí ibòmíràn bọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì sàmì tuntun sí i. Ti orí òpó, ìgbà tí òpó bá wá sílẹ̀ ni ẹ lè wò ó dáadáa: ẹ wo wáyà tó di píìnì shackle, ẹ wo inú thimble, ẹ sì fi ìka fọwọ́ ba yíká ríbẹ́ẹ̀tì bóyá ìyẹ̀fun funfun ti ń yọ.